Ṣé Ó Di Yunifásítì Kí A Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ṣòwò?

Ní ọdún 2017, nígbà tí èsì ìdánwò «bac» jáde, tí mo sì rí i pé mo yege, mo sáré lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Kétu. Ó jókòó láàárín abọ́ oníke àti àpò gàrí, bí ó ti máa ń jókòó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Inú rẹ̀ dùn, ó súre fún mi, àwọn ìyá tí ó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ sì bá wa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì.

Mo ní, “«Gestion» ni, Màmá.”

Ó ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi túmọ̀ rẹ̀, n kò rí èyí tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, ni mo bá ní, “Wọn yóò kọ́ wa bí a ṣe ń ṣòwò.”

Ìyá mi wo ojú mi títí. Ó yíjú wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, nínú ilé tí a bí ọ sí yìí, ṣé ó di yunifásítì kí o tó kọ́ bí a ṣe ń ṣòwò?”

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Odindi ọdún mẹ́ta tí mo fi kàwé ni mo fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àti wọ yunifásítì, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ó san owó rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀

Ní ọdún 2007 ni UEMOA, ẹgbẹ́ tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ wà nínú rẹ̀, pinnu pé kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa máa tẹ̀lé ètò tí a ń pè ní LMD: «licence», «master», «doctorat». Licence ni ìpele àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta ni, wọ́n sì pín in sí «semestre» mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kó «crédit» 30 jọ ní semestre kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lè pé 180. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso òwò lè lọ sí FASEG ní yunifásítì Abomey-Calavi tàbí ti Parakou, tàbí kí ó lọ sí ENEAM ní Kútọnu. Ní Tógò, FASEG wà ní yunifásítì Lomé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí náà kò sì kéré.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá rò pé rírà àti títà nìkan ni wọn yóò kọ́ òun yóò bá ìṣirò pàdé, yóò bá «statistique» pàdé, yóò bá òfin, ètò ọrọ̀-ajé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì pàdé, kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa oníbàárà. Ọdún kìíní jẹ́ ti ìpìlẹ̀. Ní ọdún kejì ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń mọ iye tí ọjà kan ná ni gan-an kí ó tó dé orí àtẹ, bí a ṣe ń wá oníbàárà, bí owó orí ṣe ń rìn, àti òfin okòwò OHADA. Ní ọdún kẹta, ẹ̀kọ́ ìdarí òṣìṣẹ́, ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò ìnáwó, «stage» ní ilé iṣẹ́ kan, àti ìwé tí a óò kọ tí a óò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n dárúkọ Henri Fayol fún wa, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó jẹ́ ẹnjiníà ní ibi ìwakùsà. Ní ọdún 1916, Fayol kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ márùn-ún ni iṣẹ́ ẹni tí ó ń darí: kí ó máa ro ọ̀la, kí ó ṣètò, kí ó pàṣẹ, kí ó mú kí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn bára mu, kí ó sì máa ṣàyẹ̀wò. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù, ó ní iṣẹ́ tí olórí ẹgbẹ́ àwọn onígàrí ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí òun ti dé ọjà, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ojú ìwé tí a pín sí méjì

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé mi ṣubú ni «comptabilité». Kì í ṣe pé n kò mọ ìṣirò, èdè ni. Faransé ni mo fi kàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé inú ìwé ìtàn àti ti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo mọ̀. Nígbà tí olùkọ́ fa ilà sí àárín ojú ìwé, tí ó pe apá òsì ní «actif», tí ó sì pe apá ọ̀tún ní «passif», mo rò pé actif ni owó tí ń ṣiṣẹ́, passif sì ni owó tí ó sùn. Mo gba 6 nínú 20 nínú ìdánwò àkọ́kọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rí èsì yẹn, mo mú bébà kan, mo sì gbé ìsọ̀ ìyá mi sórí rẹ̀. Ní apá òsì, mo kọ ohun gbogbo tí ó ní síbẹ̀: abọ́, garawa, àpò gàrí, òṣùwọ̀n, àga, owó tí ó so mọ́ ìdí ìró, àti owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Ní apá ọ̀tún, mo kọ ibi tí owó tí ó fi kó gbogbo rẹ̀ jọ ti wá: ojú owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀, èrè tí kò jẹ tán, èésú tí ó ti kó ṣùgbọ́n tí kò tíì dá tán, àti ọjà tí ó gbà ní àwìn. Ìgbà náà ni mo rí i pé apá méjèèjì kò lè ṣe kí wọ́n má dọ́gba, nítorí pé kò sí ohun kan ní ìsọ̀ tí owó rẹ̀ kò ní ibi tí ó ti wá. Actif ni ohun tí a ní, passif sì ni orísun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò tún fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ yìí mọ́.

Luca Pacioli, olùkọ́ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó tẹ ìlànà yìí jáde nínú ìwé ní ìlú Venice ní ọdún 1494. Òun kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò ti ń lò ó ní ọjà kí ó tó di ẹ̀kọ́ inú ìwé. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀rín ìyá mi àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí mi létí.

Ní ilẹ̀ wa lónìí, SYSCOHADA ni ìlànà tí a ń tẹ̀lé, òun sì ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún tí ó wà nínú OHADA. Wọ́n tún un ṣe, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018, nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní gan-an, tí ó fi jẹ́ pé ìwé tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀ fún wa di àlòkù lójú wa. Nọ́ńbà ni SYSCOHADA fi ń pe ohun gbogbo. Kíláàsì 1 ni owó tí yóò pẹ́ nínú òwò. Kíláàsì 2 ni ohun èlò tí a kò rà fún títà. Kíláàsì 3 ni ọjà tí ó wà nílẹ̀. Kíláàsì 4 ni àwọn tí a jọ ń ṣe. Kíláàsì 5 ni owó ọwọ́ àti ti báńkì. Kíláàsì 6 ni ìnáwó, kíláàsì 7 sì ni owó tí títà mú wọlé. Nínú kíláàsì 4, 41 ni oníbàárà tí ń rajà lọ́wọ́ wa, 40 sì ni ẹni tí àwa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà méjì yìí sọ́kàn. N óò padà sí wọn.

Ìwé tí mo ṣí ní ìsọ̀

Ní ìsinmi ọdún 2018, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan bọ̀ wá sí Kétu. Mo bẹ ìyá mi kí ó jẹ́ kí n máa kọ ohun tí ó ń wọlé àti ohun tí ó ń jáde fún oṣù méjì. Ó gbà, bí a ti ń gbà fún ọmọ tí ó fẹ́ ṣeré.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé kò sí ààlà láàárín owó ìsọ̀ àti owó ilé. Owó ọbẹ̀, owó ilé-ìwé àbúrò mi, owó aṣọ ẹbí, ìdí ìró kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Ohun kejì ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Abọ́ oníke tí ìyá mi ń kó láti ìhà Nàìjíríà ni ó fi ń yangàn. Ó rà á ní fráǹkì 180,000, ó sì tà á ní 216,000. Lójú rẹ̀, èrè 36,000 wà níbẹ̀, bí a bá sì yọ owó ọkọ̀, yóò ku nǹkan bí 20,000. Ṣùgbọ́n mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: owó ọkọ̀ 14,000, owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà 6,000, èyí tí ó fọ́ 5,500, ohun tí a pàdánù nídìí pípààrọ̀ náírà 4,000, owó alágbàárù 2,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32,000. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ìyá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ju 4,000 lọ. Gàrí tí kò kà sí, tí ó ra ní 90,000, tí ó tà ní 117,000, tí ó sì ná 9,000 lé lórí, mú 18,000 wá ní àkókò kan náà.

Mo ní, “Màmá, ẹ fi abọ́ sílẹ̀. Gàrí ni ó ń bọ́ wa.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé nítorí èrè ni mo ṣe ń ta abọ́? Àwọn tí ń wá wo abọ́ ni wọ́n ń ra gàrí lọ. Gbé abọ́ kúrò, kí o sì ka iye ẹni tí yóò yà sọ́dọ̀ mi.”

Inú bí mi, nítorí mo rò pé ó kàn ń gbèjà ara rẹ̀ ni. Nígbà tí a wọ ọdún kejì, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ «marketing» kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú pátákó: «produit d'appel», ìyẹn ọjà tí a ń tà láìwo èrè rẹ̀ kí ó lè pe oníbàárà wọlé. Mo rántí ìyá mi, ojú tì mí.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìwé náà kò wúlò. Ìyá mi mọ ìdí tí ó fi ń ta abọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé 4,000 péré ni ó ń mú wá. Nígbà tí ó mọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í pawọ́ pọ̀ gba ọkọ̀ kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ tirẹ̀ wá sí 6,000, èrè abọ́ sì gòkè sí 12,000. Èmi kọ́ ni mo ronú kan ọkọ̀ àjùmọ̀gbà, òun ni. Nọ́ńbà tí mo gbé ka iwájú rẹ̀ ni ó mú un ronú.

Gbèsè ẹni méjì

Nínú ìwé yẹn kan náà, ènìyàn mọ́kànlá ni ó jẹ ìyá mi lówó. Mo fi yíǹkì pupa fa ilà sábẹ́ orúkọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ìyá kan tí ń dín gàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu. Ó kó abọ́ àti agbada tí owó rẹ̀ jẹ́ fráǹkì 45,000 nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, oṣù méje sì ti kọjá tí kò san ju 10,000 lọ. Èkejì jẹ́ ọkùnrin alárọ́bọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí ó jẹ 28,000, tí ó sì ń dá ọjọ́ lé ọjọ́. Mo gba ìyá mi nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe ta àwìn fún ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀ lórí àwọn méjèèjì. Ó ní sùúrù ni òwò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, ní Pobè, kò sí ohun tí mo lè sọ fún yín nípa àkókò náà tí ẹ kò mọ̀. Ó tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Abọ́ kò wọlé mọ́. Owó tí ìyá mi ti san sílẹ̀ fún ọjà há sí òdìkejì. Mo fẹ́ wọ ọdún kẹta, mo sì ti ń múra láti sọ fún un pé n óò dúró sílé fún ọdún kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ìyá onígàrí tí mo fi yíǹkì pupa fa ilà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú àpò gàrí mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ máa tà á. Ìgbà tí ẹ bá tà á ni ẹ ó san owó rẹ̀. Ẹ yọ gbèsè tí mo jẹ kúrò níbẹ̀.” Bí ó ti ń gbé gàrí wá nìyẹn títí ọdún náà fi parí. Owó gàrí yẹn ni mo fi wọ ọdún kẹta.

Ẹ rántí 41 àti 40. Obìnrin tí mo kọ sí 41, tí mo fẹ́ pa rẹ́ gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí ó ti bàjẹ́, ti bọ́ sí 40 kí n tó ṣí ojú ìwé tuntun. Bí ìyá mi bá ti gba ìmọ̀ràn mi ní ọdún 2018, n kò mọ ẹni tí ì bá gbé àpò mẹ́fà wá fún wa.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ọkùnrin alárọ́bọ̀ náà kò san kọ́bọ̀. Ó kúrò ní Kétu, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi gbọ́, ó pè mí, ó ní, “Ti èyí, ìwọ ni o gbà.”

Mo ronú púpọ̀ lórí gbèsè méjì yìí. Ìwé mi rí àwọn méjèèjì bákan náà: owó tí ó ti pẹ́ níta. Ìyá mi náà rí wọn bákan náà: ènìyàn tí ó yẹ kí a ní sùúrù fún. Àwa méjèèjì ni a ṣìṣe lápá kan. Ìwé mi kò mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá onígàrí náà ti ń bá wa ṣe, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò dín rí, nítorí pé oṣù méjì péré ni ìwé mi gbọ́njú. Ìyá mi ní tirẹ̀ ti gbàgbé pé ọkùnrin náà ti fi gbèsè falẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ṣáájú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni ó rán an létí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn ọkùnrin náà sì ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ìwé a máa rántí kìkì ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀. Ọkàn a sì máa rántí èyí tí ó bá wù ú.

Ohun tí kò sí lórí bébà

Bí ọ̀ràn èésú ṣe rí náà nìyẹn. Samuel Johnson ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìtàn àwọn Yorùbá tí ó kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ní ọdún 1952, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ odindi àròkọ nípa rẹ̀. Ní kíláàsì, «tontine» ni wọ́n pè é, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì fi kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn méjìlá tí ń dá fráǹkì 10,000 lóṣooṣù yóò fún ẹni kan ní 120,000 lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí èlé, láìsí onídùúró, àfi ojú tí a jọ ń rí ara wa ní ọjà. Ìyá mi ti dá èésú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìpa ọjọ́ kan jẹ. Síbẹ̀, nígbà tí ó lọ yáwó ní ibì kan nígbà tí ẹnubodè tì, wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ òwò rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan mú jáde. Òótọ́ inú rẹ̀ wà lójú gbogbo ọjà, ṣùgbọ́n kò sí lórí bébà.

Òfin tilẹ̀ ti ro ti àwọn ìyá wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ. Nínú SYSCOHADA, ètò kan wà tí a ń pè ní «système minimal de trésorerie», tí ó wà fún àwọn oníṣòwò kékeré. Ẹni tí ń ra ọjà tí ó sì ń tà á, tí iye tí ó ń tà lọ́dún kò bá tó fráǹkì mílíọ̀nù 60, lè tẹ̀lé e. Kò nílò ju kí ó máa kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde, kí ó sì ka ọjà àti gbèsè ní òpin ọdún. Bákan náà, òfin okòwò OHADA tí a tún ṣe ní Lomé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 dá ipò «entreprenant» sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré, kí ó lè fi òwò rẹ̀ hàn fún ìjọba láìgba ìnira ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Orí ètò àkọsílẹ̀ kékeré yìí ni mo kọ ìwé ìkẹyìn mi lé, ìsọ̀ abọ́ àti gàrí ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí

Licence kì í ṣe ìlérí iṣẹ́. Àwọn tí a jọ jáde wà ní báńkì, àwọn kan ń kọ́ni, àwọn kan ń gun «zémidjan», àwọn kan sì ti dá òwò ara wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mẹ́rin tí ó ye mi.

Èkíní, ẹ má ṣe há ọ̀rọ̀ Faransé sórí láìtúmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pe gbígbó ohun èlò ní «amortissement». Ẹ wo ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá: ọdọọdún ni ó ń gbó. Ẹni tí kò bá yọ owó gbígbó rẹ̀ kúrò nínú èrè yóò jẹ ẹ̀rọ náà tán láìmọ̀, ọjọ́ tí ó bá kọṣẹ́ pátápátá ni ojú rẹ̀ yóò là. Ẹni tí ó bá ti rí i báyìí ní èdè abínibí rẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Èkejì, láti ọdún kìíní, ẹ wá òwò kan tí ẹ ó máa kọ ìwé rẹ̀, ìbáà ṣe ti ìyá, ti ẹ̀gbọ́n tàbí ti aránṣọ àdúgbò. Má dúró de stage ọdún kẹta. Má sì yára fúnni nímọ̀ràn. Oṣù méjì kò tó láti mọ òwò ogún ọdún.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè bí ìjọba bá fọwọ́ sí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ kà gan-an kí ẹ tó san owó. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ni ó ń ṣètò ìdánwò ìkẹyìn licence fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ béèrè bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan òbí àti ọmọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe máa sọ fún ọmọ pé, “Kàwé kí o má bàa jókòó sí ọjà bí tèmi.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé ohun ìtìjú ni ọjà. Ní ọjọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tí ó ń béèrè iṣẹ́ ìyá. Mo wo àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì kọ «ménagère», obìnrin tí kò ṣe ju iṣẹ́ ilé lọ. Owó tí mo fi san ìforúkọsílẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń rùn gàrí. Ìyá mi kò mọ̀, nítorí kò lè ka Faransé. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo fi gba licence, mo kọ «commerçante». Ìyẹn náà, kò lè kà á. Mo kà á sí etí rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀, mo sì sọ ti fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ fún un pẹ̀lú. Kò bá mi wí. Ó ní kí n gbé òṣùwọ̀n fún òun, oníbàárà ń dúró.

Nísinsìnyí, àbúrò mi obìnrin ni ó ń kọ ìwé ìsọ̀ náà ní alaalẹ́. Owó ilé ní àpò tirẹ̀, owó òwò ní tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tí ó bá rajà láwìn, ìyá mi ní kí ó máa kọ ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣe, àti bí ẹni náà ṣe san ti ìṣáájú. N kò rí irú òpó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé SYSCOHADA kankan. Òun ni ó fi í kún un.

Nípa ìbéèrè tí ó bi mí ní ọdún 2017, ìdáhùn mi nìyí: rárá, kò di yunifásítì kí a tó kọ́ bí a ṣe ń ṣòwò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí mo lọ kọ́ ní yunifásítì ni bí a ṣe ń kọ òwò sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí ní ọjà lọ́jọ́ náà lè rí i, kí àwa tí a wà níbẹ̀ má sì gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ, kí ọ̀nà yín là. Bí ẹ bá dé fún ìsinmi, ẹ yà sí ìsọ̀ kí ẹ tó wọlé.